Irin Inú Agogo Wà Lábẹ́ Ibùsùn Mi

Ọmọ mi,

Irin tó ń dún nínú agogo ilé ìwé wà lábẹ́ ibùsùn mi báyìí. Èmi ni mo fi súpánà tú u láàárọ̀ àná. Mo kí ọ o, ṣé ara le? Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, mo sì ń bínú sí ìwọ náà.

Ìbotí, ohun tí wọ́n ń dé sórí láti fi bo etí, tí o fi ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin rẹ, o kò kọ nǹkan kan mọ́ ọn. Mo rò pé fóònù ni. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi dé e sórí tí mo ń pè ọ́, o kò dáhùn, mo sì ti rojọ́ rẹ káàkiri pé o ti ń gbéra ga. Nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn ló wá sọ fún mi pé ariwo ni wọ́n fi ń dín kù.

Ó ní ọ́tísìmù tó wà lára ọmọ náà kì í ṣe àrùn etí. Ó ní ọpọlọ tèmi máa ń tilẹ̀kùn mọ́ ariwo tí kò kàn mí, ṣùgbọ́n ti ọmọ náà kì í tì í: fáànù, àga tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀, ẹni tó ń wúkọ́, ohùn olùkọ́, gbogbo wọn ń ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, agbára kan náà. Mo ní kó fi ilẹ̀kùn náà hàn mí, ogójì ọdún ni mo ti ń ṣe káfíńtà. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, torí mo rántí iye ìgbà tí mo jágbe mọ́ ọmọ náà pé ó ń sá fún ayùn mi. Mo ti gbé tábìlì iṣẹ́ mi jìnnà sílé.

Olùkọ́ àgbà ilé ìwé wá gba ìbotí náà lórí ọmọ náà, ó ní orin ló ń gbọ́. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kíláàsì ọmọ náà gan-an ni agogo wà. Wọ́n fa okùn, ọmọ kígbe, ó sá sábẹ́ àga, wọ́n ní kí n máa mú un lọ sílé, aláìgbọràn ni. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù tó ń béèrè bí etí rẹ̀ ṣe ń gbọ́ sí. Mo kọ ọ́ pé ó ń gbọ́ ju gbogbo yín lọ. Ọkùnrin náà ní èmi fúnra mi ti jẹ́wọ́ pé nǹkan kan kò ṣe é!

Ìdí nìyẹn tí mo fi tú irin yẹn. Mo ní kó dá ìbotí padà, kó gba ọmọ padà sí kíláàsì, yóò rí irin rẹ̀ gbà. Àtẹ́wọ́ ni wọ́n ń pa báyìí tí wọ́n bá fẹ́ jáde, kò sì tíì pa ẹnikẹ́ni.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí n mú un lọ gba ìwé dókítà tí a ó fi han ilé ìwé. Ra ìbotí mìíràn, kí o kọ ọ́ gàdàgbà sí i lára pé kì í ṣe fóònù. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí wọ́n jágbe mọ́ ọ níbi iṣẹ́ rẹ. Ọmọ rẹ jókòó tì mí, ó ń to ìṣó mi, ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀, ara rẹ̀ balẹ̀.

Olùkọ́ àgbà ní akọ̀wé òun yóò mú èsì wá kí ilé ìwé tó jáde lónìí. Àwọn ọmọ ti ń kọjá lọ sílé. N kò tíì rí akọ̀wé, irin náà kò sì tíì kúrò lábẹ́ ibùsùn mi.

Bàbá rẹ