Fáìlì Ẹ̀yìn Kọ́bọ́ọ̀dù

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹfà

Mo lọ sí ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́. Èmi! Ẹni tó fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ṣe akọ̀wé kóòtù, tó ń ké pe ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ àwọn ẹlòmíràn. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, nọ́ńbà kẹtàdínlógún lọ́wọ́ mi, ìdí ń ro mí.

Agbẹjọ́rò tí wọ́n yàn fún mi kò dàgbà tó àbígbẹ̀yìn mi. Mo ti sọ ọ́ ní Sáré-Sáré: ó ń jẹun, ó ń kọ̀wé, ó ń dáhùn fóònù, lẹ́ẹ̀kan náà. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ ta ko ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ tí ìyàwó mi pè. Mo ní rárá. Ó wò mí bí ẹni wo ayédèrú owó.

N kò ta kò ó. Ọdún mẹ́ta rèé tí ìyá àwọn ọmọ mi ti kó jáde. Ó rán Àkọ́bí wa sí mi: wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún òun ní ìparí oṣù yìí, òun kò sì fẹ́ wọ yàrá yẹn gẹ́gẹ́ bí ìyàwó mi. Bí ikú bá dé, kó má bá òun lábẹ́ orúkọ mi.

Ó dùn mí wọ eegun. Ṣùgbọ́n ọdún méjìdínlógójì ni mo fi dá a lóhùn bí mo ṣe ń dá olùpẹ̀jọ́ lóhùn. Ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì — ó di ọjọ́ mìíràn. Ó fẹ́ lọ wo ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn — ọjọ́ mìíràn. Ìyá náà kò dúró de ọjọ́ mìíràn.

Ọjọ́bọ̀, 6

Sáré-Sáré ṣi ọjọ́ ìgbéyàwó wa kọ. Mo fa igi sí i. "Bàbá, ta ni lọ́yà níbí?" Mo ní, "Ìwọ ni, ọmọ mi, ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé ìyàwó." Ó rẹ́rìn-ín, ó tún un kọ. Ó tún ṣì í.

Ìṣẹ́gun, 11

Kóòtù. Wọn kò rí fáìlì!

Adájọ́ ní kí a padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá wọn dìde. Ó ti rù, aṣọ kò dì mọ́ ọn mọ́. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi díẹ̀: "Bàbá wọn, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀."

Mo ní n kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

"Ta ló mọ ibi tí fáìlì ń sùn jù yín lọ?"

Àkọ́bí fà á lọ́wọ́ lọ. Kò kí mi.

Ẹtì, 14

Sáré-Sáré fẹ́ mọ ìdí tí ìyàwó mi fi sọ bẹ́ẹ̀. Mo jẹ́wọ́. Nígbà kan, ìyàwó ọ̀rẹ́ mi tó ń ta pákó pe ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀. Ọkọ bẹ̀ mí. Mo ti fáìlì náà sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù irin. Obìnrin yẹn ń wá sí káńtà mi lóṣooṣù, èmi náà ń sọ pé, "Ìyá, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn." Mo ní oṣù díẹ̀ ni, mo ní mo dá a padà. Mo gba ara mi gbọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ó kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà tí mo fẹ́ kó sáré gan-an ni kò sáré.

Àìkú, 16

Òjò. Àkọ́bí kò gbé fóònù mi.

Ajé, 17

Mo lọ bá ọ̀gá àwọn akọ̀wé ní kóòtù. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Irun rẹ̀ náà ti funfun báyìí. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti bá yín tọ́jú rẹ̀."

"O tọ́jú kí ni?"

"Fáìlì yín. Ibi tí ẹ fi hàn mí náà ló wà. Tó bá sú ìyá, wọ́n á padà sílé. Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ ọ́: ẹni tó bá lè dúró kì í jẹ̀bi ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀."

Mo bú u. Mo pè é ní ọ̀dọ̀yọ̀. Mo wá gbọ́ ohùn ara mi — ta ni mò ń bú? Ó dúró síbẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Oore ló rò pé òun ṣe.

Àwa méjèèjì sún kọ́bọ́ọ̀dù náà, ẹ̀yìn mi ń ké. Fáìlì wa jáde. Òmíràn wà nísàlẹ̀ rẹ̀, eku ti jẹ etí rẹ̀, aláǹtakùn ti kọ́lé sí i lára. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ nọ́ńbà rẹ̀.

Ìyàwó oníṣòwò pákó. Ọdún mẹ́rìnlélógún.

"Ọ̀gá, èyí ti kú. Ẹ jẹ́ n sun ún."

Mo gbé e sí abíyá.

Ìṣẹ́gun, 18

Adájọ́ tú wa ká. Ìṣẹ́jú méjìlá. Ìyá wọn ti gbọ́ pé èmi ni mo wá fáìlì jáde. Ó ní, "Ẹ ṣeun, bàbá." Kò ní "bàbá wọn". Bàbá lásán, bí a ṣe ń pe arúgbó tó yà fúnni lójú ọ̀nà.

Ó dára bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 19

Mo gbé fáìlì kejì lọ fún Sáré-Sáré. Ó kà á tán. Ó da fóònù rẹ̀ dojú bolẹ̀.

Ó ní bí òun bá gbé èyí síta, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè. Mo ní mo mọ̀. Ó ní ṣé kí òun ṣojú mi. Mo ní rárá, obìnrin yẹn ni kó wá lọ, kó ṣojú rẹ̀.

"Bó bá ti kú ńkọ́, bàbá?"

Ọkọ rẹ̀ ṣì ń ta pákó. A jọ kíra lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Mo ní, "Á jẹ́ pé abẹ́ orúkọ ẹni tó kọ̀ ló kú sí."

Mo jáde, mo gba nọ́ńbà tuntun lọ́wọ́ akọ̀wé wọn kí n lè rí agbẹjọ́rò mìíràn fún ara mi, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Kẹtàlélógún.