Lẹ́ńsì Àtijọ́ Méjì àti Ojú Màmá

Bàbá àwọn ọmọ mi,

Takisí dé, a sì ti lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀yin wà níta, ẹ ń ya fọ́tò ògiri aládùúgbò kí ẹ lè mọ èyí tó dára jù nínú lẹ́ńsì kámẹ́rà yín àtijọ́ méjèèjì. Mo pè yín títí, "Mò ń bọ̀" ni mo gbọ́.

Ọ̀rọ̀ yín ti sú mi jọjọ! Màmá yín ní kí ẹ ya àwọn lẹ́ẹ̀kan péré kí dókítà tó yọ kókó ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, torí ojú wọn lè má rí bákan náà mọ́. Wọ́n jókòó, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ ní lẹ́ńsì dúdú ń sọ ojú wọn di pupa rúsúrúsú, ẹ fi aláwọ̀ fàdákà rọ́pò rẹ̀. Ẹ ṣí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ ìyẹn gbayawu, ẹ ń fọwọ́ yí i sọ́tùn-ún sósì: etí wọn hàn kedere, ojú wọn ṣe bàìbàì. Ẹ tún pààrọ̀ rẹ̀! Ẹ̀rín tán lẹ́nu ìyá arúgbó. Wọ́n ní, "Ṣé èmi lò ń yà ni, àbí lẹ́ńsì?" Ẹ ò tilẹ̀ gbọ́.

Mo fi fóònù mi yà wọ́n lẹ́nu ọ̀nà, bàtà kan lẹ́sẹ̀, wọ́n ń fi ara wọn rẹ́rìn-ín. Kò lè dára tó tiyín, ṣùgbọ́n àwọn gan-an ló wà níbẹ̀.

Búrẹ́dì wà lábẹ́ àwo. Ẹ máa jẹ ẹ́ bọ̀ lọ́nà. Lẹ́ńsì kan ṣoṣo ni kí ẹ mú wá, èyíkéyìí tó bá wà lára kámẹ́rà.

Màmá ní kí n má sọ fún yín, àmọ́ ẹ̀rù ń bà wọ́n. Orúkọ yín ni wọ́n ń dá pè.