Ẹja Tí Mo Ṣèlérí fún Kọmísọ́nà

Sọ́ńdè, 7 Sẹ̀tẹ́ńbà 2025

Ẹnu mi yìí á pa mí lọ́jọ́ kan. A lọ jẹun lọ́dọ̀ màmá Dípọ̀ ní Richmond Hill. Ó ti pé ọdún méjì tí èmi àti Dípọ̀ ti ń fẹ́ra, ṣùgbọ́n tó bá ti dárúkọ ìgbéyàwó báyìí, màmá á ní, "A ṣì ń wò ó." Kí ni wọ́n ń wò? Ṣé fíìmù ni mí ni? Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè wọ́n ní Kọmísọ́nà — inú ìwé yìí nìkan ṣá o.

Wọ́n ní ẹja inú firísà Kánádà dà bíi páálí lẹ́nu. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo ní, "Mà, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, ìdílé apẹja! Mo ń lọ kí Tèmidire ọ̀rẹ́ mi ní B.C., ìwọ̀ oòrùn Kánádà lọ́hùn-ún, lọ́sẹ̀ yìí. Màá fọwọ́ ara mi pa ẹja ńlá bọ̀ fún yín látinú odò Fraser."

Télọ̀ ni bàbá mi. Télọ̀!

Mọ́ńdè, 8

Kọmísọ́nà ti sọ fún ẹgbẹ́ àdúrà wọn. Èèyàn mẹ́rìnlá ló ń bọ̀ wá jẹ pẹpẹsúùpù. Mo gbé.

Wẹ́sìdeé, 10

Ibi iṣẹ́, Malton. Àsìkò break ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń so ìwọ̀ mọ́ okùn lórí YouTube. Ìwọ̀ kọ́ ìbọ̀wọ́ mi. Súpáfáísọ̀ bi mí pé kí ni mò ń ṣe. Mo ní mò ń wá ọkọ.

Sátidé, 13 — B.C.



Òyìnbó onírùngbọ̀n kan ló fi ọkọ̀ gbé èmi àti Tèmidire lọ sórí odò. Sturgeon lorúkọ ẹja tí a ń wá. Wákàtí méjì — òfo. Kọmísọ́nà wà lórí fídíò WhatsApp, Tèmidire di fóònù mú. "Ṣé ó ti jẹ ẹ́? Ṣé ó ti jẹ ẹ́?" Àfi bí ọ̀pá ìwọ̀ ṣe tẹ̀, tó fẹ́ kan omi.

Yéè! Odindi ogójì ìṣẹ́jú, mò ń fà, òun náà ń fà. Mo pe Jésù, mo pe màmá mi, mo pe àwọn òkú Ẹ̀pẹ́. Nígbà tó fò sókè, ó gùn jù mí lọ! Ẹ̀yìn rẹ̀ rí bíi ti ọ̀nì. A fà á dé etí odò, òyìnbó ní kí n kúnlẹ̀ sínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún fọ́tò. Kọmísọ́nà ń pariwo: "Orí rẹ̀, tèmi ni o!"

Òyìnbó wá ní òfin ni pé ká dá a padà sódò. A ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́.

Mo wo Tèmidire. Ó ní òun rò pé mo mọ̀. Ọ̀dàlẹ̀!

Ẹkún gbọ̀n mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ síta. "Mà, ẹ má bínú. Télọ̀ ni bàbá mi. Mi ò pa ẹja rí."

Kọmísọ́nà wá bi òyìnbó léèrè ìdí tí wọ́n fi ń kẹ́ ẹja báyẹn. Ó ní kì í tètè dàgbà, pé èyí lè tó ẹni ọgọ́rin ọdún.

Kọmísọ́nà figbe ta: "Ọgọ́rin kẹ̀! Wọ́n jù mí lọ! Ẹ wá fi ìwọ̀ kọ́ àgbàlagbà lẹ́nu? Motúnráyọ̀, bẹ̀ wọ́n kíá!"

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Tàbí mà." Wọ́n fi ìrù da omi sí mi lójú, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Tọ́sìdeé, 18

Mo ti padà dé. Kọmísọ́nà ò pè mí. Dípọ̀ ní kí n ní sùúrù. Òun ni kó ní i.

Sátidé, 20

Ẹgbẹ́ àdúrà pé. Adìyẹ la sè. Kọmísọ́nà sọ fún wọn pé fúnra mi ni mo dá àgbà mọ̀ nínú omi, tí mo kúnlẹ̀ kí i. Halelúyà gba ilé kan.

Wọ́n wá fà mí wọ kíṣìnì, wọ́n ti ilẹ̀kùn. "Mo mọ̀ pé fọ́tò ni o kúnlẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n o lè ra ẹja ní ọjà, kó o ní ìwọ lo pa á. O ò ṣe bẹ́ẹ̀, o sọ òótọ́ lójú òyìnbó." Wọ́n gbé ọ̀bẹ àti àlùbọ́sà fún mi. "Sọ fún bàbá rẹ pé à ń bọ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní Nòfẹ́ńbà."

Mo bú sẹ́kún lórí àlùbọ́sà tí mi ò tíì gé.