Bàbá, Mo Bá Bọ̀dá Délé Gbá Gọ́ọ̀fù ní Hamburg

Bàbá mi àtàtà,

Ó ti lé ní ọdún kan tí ẹ ti lọ, n kò sì kọ nǹkan kan sí yín rí. Bí mo bá jókòó láti kọ ọ́, ìbínú ló ń jáde. Bọ̀dá Délé ni mo ń bínú sí. Àwọn ni wọ́n fi Hamburg sílẹ̀ lọ tọ́jú yín n'Ìbàdàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọn ò sọ fún mi pé ara yín ò yá. Ìgbà tí ẹ kú tán ni wọ́n tó pè mí ní Berlin. Mo sọ̀rọ̀ kan sí wọn lórí fóònù lọ́jọ́ náà tí kò yẹ kí àbúrò sọ sí ẹ̀gbọ́n, láti ìgbà yẹn a ò sì bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́.

Lóṣù tó kọjá, ìyàwó wọn pè mí. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n wá, pé ọkọ òun kì í sọ̀rọ̀ nílé mọ́, gbogbo Sátidé ni wọ́n ń dá lọ gbá gọ́ọ̀fù.

Gọ́ọ̀fù! Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún. Ṣé ẹ rántí àwọn ọjọ́ Ajé wa, tí àwọn ọ̀gá kì í wá sí kílọ́ọ̀bù gọ́ọ̀fù tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn, tí wọ́n ń gba ẹ̀yin tí ẹ ń gé koríko láyè láti gbá tiyín? Ọ̀pá kan ṣoṣo ni ẹ̀yin, Bọ̀dá Délé àti èmi jọ ń lò. Ẹ máa ń bọ́ bàtà kí ẹ tó gbá a, ẹ ní ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ilẹ̀.

Pápá tí Bọ̀dá Délé ń lọ kì í ṣe ti olówó. Owó oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà, wọn kì í béèrè ẹgbẹ́ tí èèyàn wà, wọ́n á tún yá a lọ́pàá. Igi páìnì gíga-gíga ló tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀yin ìbá fẹ́ràn koríko ibẹ̀. Àwọn arúgbó ń fa àpò ọ̀pá wọn lọ, obìnrin kan gbé ọmọ kọ́ àyà. Nígbà tí mo bá wọn níbẹ̀ ní Sátidé, Bọ̀dá Délé ti ń hu ewú. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n kàn mirí, wọ́n na ọ̀pá kan sí mi.

A gbá bọ́ọ̀lù wọ ihò mẹ́ta. Ní ìkẹrin, bọ́ọ̀lù mi wọ inú igi lọ, a jọ wọ ibẹ̀ lọ wá a. Ibẹ̀ ni mo ti béèrè.

“Bọ̀dá, kí ni mo ṣe tí ẹ ò fi sọ fún mi?”

Wọ́n ń fi ọ̀pá tú ewé gbígbẹ. “Bàbá ló ní n kò gbọdọ̀ sọ.”

“Irọ́ ni.”

“Wọ́n mú mi búra. Wọ́n ní ìdánwò èdè Jámánì rẹ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, pé bí o bá gbọ́, o ó sáré wálé, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì á bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ojoojúmọ́ ni mo bẹ̀ wọ́n.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń bú yín?”

“N ò fẹ́ kí o máa bínú sí òkú.”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n jókòó tì mí, tàwọn ti ṣòkòtò funfun wọn. Àwọn tó ń gbá bọ̀ lẹ́yìn wa gbá tiwọn kọjá lára wa.

Bàbá, kí ló dé? Lọ́jọ́ tí ẹ ń kú lọ, yàrá ìdánwò ni mo wà ní Berlin, mò ń fi èdè Jámánì ṣàlàyé bí a ṣe ń tọ́jú aláìsàn. Wọ́n yìn mí. Láàárọ̀ báyìí níbi iṣẹ́ mi ní Spandau, ní Berlin níbí, bàbá oníbàbá ni mò ń wẹ̀ fún, mò ń gé èékánná wọn. Èmi tí mo kọ́ iṣẹ́ yìí, n kò fọwọ́ kàn yín. Ṣé ẹ rò pé iṣẹ́ lè tó yín lójú mi ni? Ṣé ẹ wo ẹnu ọ̀nà, kódà lẹ́ẹ̀kan?

A ò rí bọ́ọ̀lù náà. Bọ̀dá Délé sìn mí dé ibùdókọ̀ ojú irin. Mo tọrọ àforíjì, wọ́n ní ó ti tán. Ti èmi àtàwọn ti tán lóòótọ́. Tèmi àtiyín kò tíì tán. Mo fẹ́ràn yín, Bàbá, inú sì ń bí mi sí yín. Ẹ gba méjèèjì lọ́wọ́ mi.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tí ẹ ò jẹ́ kó wá sọ pé ó dàbọ̀.