Ọkọ̀ Oníná Tí Ẹ Ní Yóò Gbówó Lórí

Bàbá Rasheedah,

Ẹ kú àbọ̀ láti mọ́ṣáláṣí. Oníbàárà yín láti OPIC wá wo ọkọ̀ oníná yín láàárọ̀ yìí. Ó yìn ín gan-an. Lẹ́yìn náà ló na fóònù rẹ̀ sí mi: tuntun irú ẹ̀ ti dé, owó rẹ̀ ò sì tó èyí tí ẹ̀ ń pè lórí àlòkù. Ó ní, "Ìyá Rasheedah, ẹ bá mi kí Àlàájì," ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Ẹ má jẹ́ kó dùn yín o. Nígbà tí mo ta ilẹ̀ mi ní Ifọ̀ kún owó ọkọ̀ yẹn, ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ilẹ̀ kì í lọ síbì kankan, ọkọ̀ ló ń gbówó lórí. Òótọ́ ni, ilẹ̀ náà ò lọ síbì kankan. Ẹni tó rà á ti kọ́lé sórí ẹ̀.

Ẹ má wá oníbàárà mìíràn, a ò tà á mọ́. Mo ti wà á lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Lotto, bẹ́ẹ̀ náà ni màá máa ṣe lójoojúmọ́. Ẹ̀wà yín wà nínú kúlà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jáde, ọ̀kadà pọ̀ ní ìkòríta. Owó tiwọn kì í wálẹ̀.

Sọ̀fíyátù