Ilé Rẹ Tí Mo Wó Nínú Ẹ̀rọ

Ṣakí,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá, ọdún 1988.

Ràsáàkì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ó ti tó ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun: èmi ni mo pa iṣẹ́ rẹ rẹ́. Jọ̀ọ́, má tíì ya ìwé náà. Ṣé àlàáfíà ni ìwọ àti àwọn ọmọ wà ní Òkakà? Ṣé iṣu ta? Mo gbàdúrà kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ lè fa ẹ̀fọ́rí.

O rántí ìgbà tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà dé ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ wa. Èmi tí wọ́n rán lọ kọ́ ìlò rẹ̀ ní Ìbàdàn ni mo ń kọ orúkọ òṣìṣẹ́ sínú rẹ̀, tí mo sì ń kọ́ ilé fún oníkálukú, níbi tí yóò máa kó iṣẹ́ rẹ̀ sí. O ní, "Àdìgún ti di baálẹ̀, ó ń pín ilẹ̀ fún àlejò!" Èmi náà ni mo ní kí o sun àwọn ìwé tí o fi ń kọ iṣẹ́ rẹ tẹ́lẹ̀ nígbà tí o ti kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, pé ẹ̀rọ kì í gbàgbé.

Nígbà tí wọ́n gbé ọ lọ sí Tẹ̀dé fún oṣù mẹ́fà, ọ̀gá ní kí n ti orúkọ rẹ pa, kí ẹlòmíràn má fi wọlé, títí o ó fi dé. Títì lásán ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi hàn pé ara mi yá síṣẹ́. Ìyá mi kì í jẹ́ ká gbálẹ̀ lọ́jọ́ tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé; ó ní bí ìgbà tí a kò fẹ́ kó padà ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọkọ̀ rẹ gbéra gan-an ni mo yọ orúkọ rẹ, tí mo tẹ àṣẹ kí ẹ̀rọ wó ilé rẹ tinú-tòde. N kò ṣe ẹ̀dà kankan. Ẹ̀rọ yẹn kì í bèèrè pé ṣé ó dá ọ lójú. Bó bá ti ṣe é tán, á kàn dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ọdún mẹ́ta lórí irúgbìn ọgọ́ta àgbẹ̀ ṣe lọ.

Kí o tó dé, mo ti dá orúkọ rẹ padà, mo kọ́ ilé mìíràn sójú ibẹ̀. Ọ̀gá ṣí i, kò bá nǹkan kan. Ó ní, "Ràsáàkì, ilé rẹ nìyí, òfìfo! Ọdún mẹ́ta lo fi sùn?" Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo ń wo bàtà mi. Wọ́n lé ọ, wọ́n ní kí n yọ orúkọ rẹ. Mo tún bá ọ gbé àpótí dé gáréèjì.

Láti ìgbà náà, èmi nìkan ni mo ń jókòó sí yàrá ẹ̀rọ. Nígbà mìíràn, mo máa ń ní kí ó to orúkọ àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ fún mi. Tèmi nìkan ló ń jáde.

Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, mo pàdé Àwáwù ìyàwó rẹ. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Bàbá Mọ́ládé, Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò bá wọn pe ọkọ mi ní ọ̀lẹ." N kò mọ irú èèyàn tí mo jẹ́ mọ́.

Kí Ọlọ́run bu òróró sí oko rẹ. Kí àwọn ọmọ rẹ má jogún ẹ̀gàn tí mo fi bò ọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, bí o bá ṣì lè pè mí bẹ́ẹ̀,
Àdìgún.

Àfikún: Lọ́la, kí ọ̀gá tó dé, màá tún kọ orúkọ rẹ sínú ẹ̀rọ, màá sì kọ́ ilé fún ọ. Ẹ̀dà lẹ́tà yìí nìkan ni màá fi sínú rẹ̀. Bí ọ̀gá bá wọlé, èmi fúnra mi ni màá ṣí i fún un, kí n tó fi kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ lé e lọ́wọ́.