Ọ̀nà Ilé Wa Ti Gba Tírélà Báyìí

Ọmọ mi, Àgídí mi,

Mo kí ọ kú ìrìn, mo sì kí ọ kú ìjókòó, nítorí ìyá rẹ sọ pé iṣẹ́ tìrẹ, ìrìn àti ìjókòó ló wà pa pọ̀ nínú rẹ̀, pé ẹni tó ń wa tírélà máa ń rìn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ láì gbé ẹsẹ̀. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ẹ̀yìn ò máa dùn ọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́, àfi orúnkún mi tó máa ń sọ̀rọ̀ bí mo bá fẹ́ dìde, àti ìyá rẹ tó máa ń dá a lóhùn. Kí Ọlọ́run máa bá ọ di ọkọ̀ mú, kí táyà rẹ má bẹ́, kí bíréèkì rẹ máa jẹ́ ọ lóhùn, kí ẹni tó bá ń tòògbé bọ̀ níwájú rẹ jí kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Àmín.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ mi. Mi ò lè pè ọ́, ọmọ mi. Ṣé o rántí pé nígbà tí ìyá rẹ wá bẹ̀ ọ́ wò, òun lo fi fóònù tuntun yìí rán sí mi. Tíṣà tó ń gbé ládùúgbò wa ló ṣí máàpù inú rẹ̀ fún mi, ó sì fi àmì róbótó búlúù kan hàn mí, ó ní ìwọ àti tírélà rẹ nìyẹn. Inú mi dùn dé ibi tó dùn dé. Ní ọjọ́ kejì ni télọ̀ pè mí nítorí ṣòkòtò, bí ìpè rẹ̀ ṣe wọlé báyìí ni ọ̀nà pòórá, tírélà pòórá, orúkọ télọ̀ ló gba gbogbo ojú gíláàsì. Mo figbe ta. Mo ní ẹ gbà mí, télọ̀ ti lé ọmọ mi kúrò lójú ọ̀nà nítorí ṣòkòtò kan ṣoṣo. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kìlọ̀ fún gbogbo èèyàn pé kí wọ́n má pè mí mọ́ nígbà tí o bá wà nírìn-àjò, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kó fẹsẹ̀ rìn wá.

Mo ń tọ́jú rẹ dáadáa níbí o. Bí eruku bá bà lé fóònù, mo máa ń yára fi etí aṣọ nù ún kí o lè ríran. N kì í gbé e sí ìdẹ̀gbẹ́ kí ẹrù ẹ̀yìn rẹ má baà dà nù. N kì í fi í sápò, nítorí inú àpò ṣókùnkùn, ta ló fẹ́ kí ọmọ òun wa tírélà nínú òkùnkùn? Ìyá rẹ ní orí mi ti dàrú, ó ní ọ̀dọ̀ rẹ ni tírélà wà, pé àmì lásán ló wà lọ́dọ̀ mi. Mo ní bó bá jẹ́ àmì lásán, kí ló dé tí òun náà máa ń yọ́ wá wò ó nígbà tó bá rò pé mo ti sùn lórí àga? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fóònù náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó ń fi pupa hàn mí pé agbára òun ti ń tán, mo mọ̀ pé epo rẹ ló ń tán nìyẹn, ni mo bá sáré lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ tó ní jẹnẹrétọ̀. Mo bá ọkùnrin kan níbẹ̀ tí wọ́n ti fá apá kan orí rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n yọ ẹ̀rọ ìfárí, wọ́n ki tìrẹ bọ̀ ọ́, ọkùnrin náà sì jókòó pẹ̀lú ààbọ̀ irun lórí títí o fi yó. Ó ní kí n kí ọ.

Fọ́ọ̀mù tí ilé iṣẹ́ rẹ ní kí n kọ nǹkan sí náà dé ọwọ́ mi. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti bi mí pé ta ni kí wọ́n kàn sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí awakọ̀ yìí, inú bí mi. Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Mo mú pẹ́ńsù tí mo fi ń sàmì sí pákó, mo kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba pé NǸKAN KAN Ò NÍ Í ṢẸLẸ̀ SÍ I. Àyè ò gbà á tán, mo kọ ìyókù sí ẹ̀yìn ìwé. Tíṣà ní wọn kì í kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, orúkọ mi ni wọ́n ń fẹ́. Mo ní kò burú, mo kọ orúkọ mi sí abẹ́ rẹ̀, mo sì fi kún un pé kí wọ́n kàn sí mi bí ohun rere bá ṣẹlẹ̀ sí ọ, nítorí ìyẹn náà máa ń ṣẹlẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ fún mi. Ibi tí wọ́n ní kí n kọ ohun tí mo jẹ́ sí ọ, mo kọ “bàbá”. Mo wo ohun tí mo kọ yẹn pẹ́ o, ọmọ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ojú abẹ níkòó. Ìyá rẹ àti ìwọ ni mo ń sọ fún, torí ó ti dúró sí ẹ̀yìn mi, ó ń kà á. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ti rí i tí àmì rẹ gba ọ̀nà ńlá ẹ̀yìn ilé ìwé kọjá. Láti oríta wa tó wà níbẹ̀ sí ilé kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Bí o bá ti ń sún mọ́ ibẹ̀ ni mo máa ń sọ fún fóònù pé yà, yà wálé, mo tiẹ̀ ti fi ìka tì ọ́ rí, o ò yà. O sọ fún ìyá rẹ pé ilé iṣẹ́ ò gbà kí ẹ yà. Ilé iṣẹ́ kọ́. Èmi ni. Ní ọdún méjì sẹ́yìn tí o mú ìwé àṣẹ tírélà wá fi hàn wá, mo ní ọmọ obìnrin kì í wa irú nǹkan bẹ́ẹ̀, mo ní bí o bá wà á, má wà á dé ẹnu ọ̀nà mi. O ní ẹ ṣé, bàbá mi, o sì lọ. Láti ìgbà náà, o ń fi owó ránṣẹ́, o ń fi aṣọ ránṣẹ́, o fi fóònù ránṣẹ́, ara rẹ nìkan ni o ò fi ránṣẹ́. Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ síbí pé Àgídí tí mo ń pè ọ́, ọwọ́ mi lo ti kọ́ ọ. Mo ti kọ ọ́.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀nà ṣe. Mo bi awakọ̀ tó ń kó pákó wá fún mi léèrè bí tírélà ṣe ga tó àti bó ṣe fẹ̀ tó, mo mú tépù, mo wọn gbogbo nǹkan láti oríta dé ilé. Ẹ̀ka igi mẹ́ta ni mo gé. Kòtò iwájú ilé alágbẹ̀dẹ, mo ti fi òkúta wẹ́wẹ́ dí i. Òpó géètì wa apá òsì, èyí tí mo fọwọ́ ara mi mọ tí mo fi ń yangàn fún gbogbo àlejò, mo ti wó o, torí bí n ò bá wó o, tírélà ò lè wọlé. Ìyá rẹ ní ṣé ọmọ ò lè gbé e sí oríta kó fẹsẹ̀ rìn wá ni? Mo ní rárá o. Ẹnu ọ̀nà mi ni mo ní kó má wà á dé, ẹnu ọ̀nà mi náà ló máa wà á dé.

Wàyí o, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́rú tó kọjá ń dùn mí. Mo rí i lórí máàpù pé ò ń bọ̀, mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ síbi ìgbéyàwó, mo gbé àga àti fóònù lọ sí oríta láti aago mẹ́jọ àárọ̀, kí n lè ju ọwọ́ sí ọ kí o dúró. Oòrùn pa mí, mi ò mira. Mo tẹjú mọ́ fóònù kí n má baà ṣì ọ́ mọ́ tírélà ẹlòmíì. Ó ku bí ìbú ìka kan, ó ku bí ẹnu abẹ́rẹ́, mo ń sọ fún ara mi pé ó ti dé, ó ti dé, àfi gbàà tí mo gbọ́ fèrè, ilẹ̀ mì, fìlà mi fò lọ. Kí n tó gbé orí sókè, ẹ̀yìn tírélà ni mo rí àti eruku. Ọmọ mi, fóònù ni mo ń wò tí ìwọ fi kọjá níwájú mi. Mo dìde, mo ń ju ọwọ́ sí eruku. Àwọn tó wà ní oríta fi mí rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣé o mọ̀ pé èmi ni bàbá arúgbó tó dorí kodò lórí àga yẹn? Ṣé èmi lo fun fèrè fún?

Awakọ̀ pákó ló máa mú lẹ́tà yìí wá bá ọ ní gárééjì yín. Jọ̀wọ́, wá owó díẹ̀ fún wa. Tíṣà ní dátà ló ń gbé ọ rìn lórí máàpù, mi ò fẹ́ kó tán kí o lọ dá dúró sí àárín igbó. Bíríkìlà náà máa gba owó láti tún òpó géètì mọ, bí o bá ti jáde tán. Ṣùgbọ́n má fi owó náà rán ẹnikẹ́ni. Fi ọwọ́ ara rẹ mú un wá.

Mo ti fi igi tó le jù lọ nínú ilé gbẹ́ méjì nínú èyí tí ẹ máa ń fi dí ẹsẹ̀ táyà kí ọkọ̀ má baà yí lọ. Wọ́n wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kí o mọ̀ pé bí mo bá fi lè rí wọn fi sí abẹ́ táyà rẹ, ó máa tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó yọ wọ́n. Mo ti gba ọ̀rọ̀ mi padà, gbogbo rẹ̀ pátá. Ọ̀nà ò ní í nà ọ́, àlọ rẹ á dára, àbọ̀ rẹ á san ọ́, ohun tí o bá gbé ò ní í já bọ́ lọ́wọ́ rẹ.

Ní Ọjọ́rú tí o bá tún ń gba ibí kọjá, màá wà ní oríta lórí àga kan náà. Ọwọ́ ìyá rẹ ni màá fi fóònù sí. Ojú ọ̀nà ni màá máa wò.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà